Malam Dákẹ́

Bí ẹ bá dé yunifásítì kan báyìí ní Minna, tí ẹ ní Dókítà Sirajudeen Láwọyin lẹ ń béèrè, ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ ronú. Ṣùgbọ́n ẹ ní Malam Dákẹ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pàápàá á rẹ́rìn-ín, á mi orí, á ní, "Allah ya jiƙansa," ìyẹn ni pé kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀, kó tó nawọ́ sí ọ̀nà ọ́fíìsì tí bàbá náà lò títí Ọlọ́run fi pè é.

Ọdún tó kọ́kọ́ ti Ìwó dé Minna ló gba orúkọ náà. Ìmọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n gbà á láti kọ́ àwọn ọmọ: ilẹ̀ amọ̀, ilẹ̀ oníyanrìn, ilẹ̀ tí iṣu fẹ́ àti èyí tí iṣu kórìíra. Lọ́jọ́ kìíní, ó wọ kíláàsì, ó béèrè pé, "Kí ló dé tí omi òjò fi ń dúró lórí ilẹ̀ amọ̀, tí kì í dúró lórí iyanrìn?" Ọmọbìnrin kan níwájú gbìyànjú. Ó ń kólòlò, ìdáhùn rẹ̀ kò sì tọ̀nà rárá. Bí àwọn tó wà lẹ́yìn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé e lórí nìyẹn, ọmọkùnrin kan sì ń pariwo ju gbogbo wọn lọ. Inú bí Dókítà. Bí inú bá sì ti bí i, Gẹ̀ẹ́sì a máa fi í sílẹ̀ lọ. Ó fọwọ́ lu tábìlì, ó jágbe mọ́ ọmọkùnrin náà ní Yorùbá pọ́ńbélé pé, "Dákẹ́!"

Ẹ má gbàgbé pé Minna la wà. Hausa ló wà létí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà, bí Hausa bá sì fẹ́ yin ọmọ tó dáhùn dáadáa, "da kyau" ni yóò sọ fún un, ìyẹn ni pé, o káre. Fáànù òkè ń han gooro, ohùn Malam ń gbọ̀n, ta ni yóò dúró wá ìyàtọ̀? Ọmọbìnrin tó ń kólòlò gbọ́ pé òun káre. Ojú rẹ̀ tàn, ó jókòó dáadáa, ó sì tún ìdáhùn náà bẹ̀rẹ̀ láti orí, tohùn tohùn. Ọmọkùnrin aláriwo gbọ́ pé òun náà káre. Ó nawọ́ sókè.

"Mo ní dákẹ́!" ni Dókítà tún ké.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Malam tuntun yìí mà mọ èèyàn-án yìn o! Àwọn tí kò tíì lanu ní kíláàsì kankan láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Bí ó ṣe ń kígbe "Dákẹ́!" ni ìdáhùn ń pọ̀ sí i, títí ohùn rẹ̀ fi há pátápátá, tó jókòó, tó fọwọ́ lérán, tó ń wò wọ́n. Kí àkókò tó tán, àwọn ọmọ náà ti rí ìdáhùn tó tọ̀nà fúnra wọn.

Dókítà Àbdùlsàlámì, ọmọ Ìlọrin tó gbọ́ èdè méjèèjì, ló wá kí i ní ọ́fíìsì. "Láwọyin, o ṣe é o! Àwọn ọmọ ní o yìn wọ́n títí ohùn rẹ fi lọ."

"Mo yin ta ni?"

Nígbà tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un, Láwọyin rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Òun fúnra rẹ̀ ló pòkìkí ìtàn náà káàkiri ìlú. Bí ọdún sì ṣe ń gorí ọdún ni ìtàn náà ń sanra, tó fi di pé gíwá yunifásítì ń kọjá lọ lọ́jọ́ náà, tó gbọ́ ìyìn, tó yà wọlé, tó sì dáhùn ìbéèrè kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni, á ní, "Ṣé ìwọ wà níbẹ̀ ni?"

Mofọláyọ̀ kò sí níbẹ̀. Nígbà tí òun máa fi dé Minna gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, Malam Dákẹ́ ti hu ewú. Ó sin ìlú tán, ó kàwé kún ìwé, wọ́n gbà á sí iṣẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka kan náà, ó sì dá ara rẹ̀ lójú pé òun ni ìmọ́lẹ̀ tí àwọn àgbà wọ̀nyẹn ti ń retí. Ó ní síláìdì aláràbarà. Ó ní ọfà tó ń fò wọlé láti apá ọ̀tún ògiri, tó ń yí bírí kó tó dúró. Ohun kan ṣoṣo tí kò ní ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ̀rọ̀.

"Ṣé ó yé yín?" ni yóò béèrè.

"Yes, ma!" ni gbogbo wọn yóò dáhùn, bí ẹni ń ṣe àmín.

Ìdánwò dé, ó wá hàn kedere pé ohun kan ṣoṣo tó yé wọn ni bí a ṣe ń sọ pé "Yes, ma".

Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàlíhátù, olórí ẹ̀ka, pè é sí ọ́fíìsì. Obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ ni. "Fọláyọ̀, àwọn ọmọ ní ńṣe lò ń kàwé fún wọn, o kì í kọ́ wọn. Àràárọ̀ ni mò ń gba ìta kíláàsì rẹ kọjá, ohùn rẹ nìkan ni mò ń gbọ́. Bí sáà yìí bá parí, tí mi ò gbọ́ ohùn àwọn ọmọ níbẹ̀, màá fi kíláàsì náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, wàá sì padà sí lábù lọ máa sẹ́ iyanrìn. Lọ bá Malam."

Mofọláyọ̀ wọ ilé ìyàgbẹ́, ó sunkún díẹ̀, ó bọ́jú, ó sì lọ bá Malam. Iṣẹ́ olùkọ́ yìí ni ohun tó ti ń fẹ́ láti kékeré, kò fẹ́ òmíràn. Àwọn ọmọlangidi rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó rántí wọn lọ́jọ́ náà, ó wá rí i pé àwọn náà kò dáhùn rí.

"Màá wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ," ni Malam wí fún un. "Àwa olùkọ́ a máa fi bí a ṣe ń kọ́ni pamọ́ fún ara wa bí ẹni ń fi egbò pamọ́. Èmi á wo tìrẹ, ìwọ náà á wá wo tèmi."

Ó wá lóòótọ́. Ó jókòó sẹ́yìn, ó kí àwọn ọmọ ní "ina kwana", ìyẹn ẹ kú àárọ̀, nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí, nítorí gbogbo ọdún tó lò ní Minna kò tún Hausa rẹ̀ ṣe rárá. Kí Mofọláyọ̀ tó dé síláìdì kẹta, Malam ti sùn lọ. Nígbà tí ọfà máa fi fò wọlé, ó ti ń hanrun, ìhanrun náà sì ní ìlù tirẹ̀.

"Bàbá, ẹ sùn," ni Mofọláyọ̀ wí nígbà tí àwọn ọmọ jáde tán. Ojú ń tì í bí ẹni pé òun ló hanrun.

"Mo sùn, ọmọ mi. Ohùn rẹ dùn. Ká ní mo ní irú rẹ̀ nílé nígbà tí Rahmah mi wà lọ́mọ ọwọ́, ìyá rẹ̀ ì bá sinmi." Ó nara. "O béèrè ìbéèrè tó dáa gan-an. Ìwọ náà lo sì dáhùn gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdánwò ni, o yege."

Mofọláyọ̀ rò ó títí, ó sì pinnu pé ìyìn ni àṣírí bàbá náà. Ṣebí "da kyau" ló sọ ọ́ di olókìkí? Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e láti Tunga lọ síbi iṣẹ́. "Da kyau," ló ń sọ lẹ́yìn oníkẹ̀kẹ́. "Da kyau. Da kyau." Oníkẹ̀kẹ́ rọra dúró sẹ́bàá títì, ó wẹ̀yìn, ó ní, "Hajiya, me na yi?" Ó fẹ́ mọ ohun tí òun ṣe.

Ní kíláàsì, ó yìn wọ́n kiri. Ó yin ẹni tó ṣí fèrèsé, ó yin ẹni tó pa á dé. Sirajudeen mìíràn wà nínú kíláàsì náà, ọmọ Kontagora tí wọ́n ń pè ní Siraj. Ó nawọ́ sókè, ara Mofọláyọ̀ yá gágá, ó ní, "Da kyau, Siraj! Sọ ọ́!" Siraj ní òun fẹ́ lọ tọ̀ ni.

"O yin ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀," ni Malam wí nígbà tó gbọ́. "Bó bá wá padà dé ńkọ́, ṣé wàá fún un lámì-ẹ̀yẹ?"

Nǹkan mìíràn tún wà tó jẹ́ ti Malam. Kì í jókòó de akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ́fíìsì. Ó ní ilẹ̀kùn ọ́fíìsì olùkọ́ a máa wúwo ju bí káfíńtà ṣe kàn án lọ. Kpakungu ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà háyà yàrá sí, nítorí náà, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá oníkosai kan, ìyẹn alákàrà, níbẹ̀. Àwọn ọmọ á wá ra kókó, ìyẹn ògì gbígbóná, àti kosai, wọ́n á bá Malam níbẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí kosai gbígbóná, wọn á kí i, wọn á jókòó, kí kókó tó tutù, wọ́n á ti sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Èyí kò ríran kedere, ó sì ń tijú àtisọ. Èyí kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣàìsàn. Ìyá oníkosai a máa ráhùn pé, "Malam, bẹ́ǹṣì mi kì í ṣe yunifásítì o!" Malam á ní, "Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Mofọláyọ̀ ní òun náà á ṣe é, àmọ́ òun á ṣe é létòlétò. Ó gbé tábìlì síta ilé rẹ̀ ní Tunga Low Cost ní ọjọ́ Sátidé, ó tẹ́ aṣọ funfun lé e, ó sì lẹ bébà gbàǹgbà kan mọ́ iwájú rẹ̀ pé: IRÀNLỌ́WỌ́ FÚN AKẸ́KỌ̀Ọ́. Ó jókòó títí oòrùn fi yí. Ewúrẹ́ kan nìkan ló yà, ó ka bébà náà fínnífínní, ó sì jẹ ẹ́.

"Má banú jẹ́," ni Malam wí. Omi ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó kéré tán, ẹnì kan ti gba ọ̀rọ̀ rẹ wọlé." Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó wá fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, "Ńṣe lo pè wọ́n wá síbi tí o wà. Wá síbi tí wọ́n wà, Fọláyọ̀. Àyè wà lórí bẹ́ǹṣì."

Orí bẹ́ǹṣì yẹn ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Basheerah. Ọmọ Nupe ni Basheerah, iwájú ló máa ń jókòó sí ní kíláàsì, kì í sì í sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ náà, kosai wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ma, mo máa ń mọ ìdáhùn. Nupe ló kọ́kọ́ máa ń wá. Màá gbé e sí Hausa, màá tún gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì. Kí n tó gbé e dé ẹnu, ẹ̀yin á ti dáhùn. Ìdáhùn mi wà lọ́nà, ma. Ẹ kì í dúró dè é."

Mofọláyọ̀ wo Malam. Malam ń wo kosai.

Kò pẹ́ sígbà náà ni yunifásítì kéde ọjọ́ kan tí àwọn olùkọ́ yóò pàdé ní gbọ̀ngàn ńlá kí wọ́n pín ọgbọ́n ìkọ́ni láàrin ara wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàlíhátù ní Malam ni yóò sọ̀rọ̀ fún ẹ̀ka wọn, kí Mofọláyọ̀ bá a ṣe síláìdì. Mofọláyọ̀ ṣe síláìdì tó kún ojú ògiri, ó sì pè é ní "Ìlànà Láwọyin". Malam wò ó títí, ó ní, "Ta ni Láwọyin yìí? Ọmọ náà mà gbọ́n o."

Bí ó ṣe dìde sọ̀rọ̀ báyìí ni iná lọ. Ìlànà Láwọyin pòórá kúrò lára ògiri. Malam ní kò burú, ó yíjú sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn dókítà tó kún gbọ̀ngàn, ó ní, "Kí ló dé tí omi òjò fi ń dúró lórí ilẹ̀ amọ̀, tí kì í dúró lórí iyanrìn?"

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Àwọn èèyàn ńlá wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà wọn. Ẹnì kan ń wá nǹkan tí kò sọnù nínú báàgì rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan rọra sún sẹ́yìn òpó. Malam kò sọ nǹkan kan. Ó dúró. Ó tún dúró, títí ojú fi ń ti Mofọláyọ̀ níbi tó wà. Nígbà tó yá, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ kan, ọmọ Katsina, gbà á bí ọkùnrin. "Ó jọ pé, ẹ̀ẹ̀n, amọ̀ tutù ju iyanrìn lọ, nítorí náà omi fẹ́ràn ibẹ̀."

"Dákẹ́!" ni Malam jágbe.

Inú ọ̀jọ̀gbọ́n náà dùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó sì sún àga rẹ̀ wá sí iwájú. Àwọn Yorùbá tó wà nínú gbọ̀ngàn ni wọn kò lè mí mọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nà sókè níhìn-ín lọ́hùn-ún, ẹnì kan ní inú iyanrìn ní àlàfo tó pọ̀, ẹlòmíràn ní kì í ṣe pé àlàfo amọ̀ kò pọ̀, ó kéré ni. Ariwo sọ. Malam jẹ́ kí wọ́n jà á tán.

"Ẹ rí ara yín báyìí," ló wá wí. "Bí ẹ ṣe ṣe lẹ́ẹ̀kan yẹn làwọn ọmọ yín ṣe máa ń ṣe. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ìtàn mi, ẹ sì rò pé ìyìn ló ṣiṣẹ́. Irọ́ ni. Ohùn mi ló há. Ká ní ohùn mi kò há lọ́jọ́ náà, ǹ bá ti dáhùn fún wọn, wọn ì bá sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ti olùkọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń wù yín kí àwọn ọmọ sọ̀rọ̀? Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dákẹ́." Ó jókòó. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Mofọláyọ̀ wọ kíláàsì láìsí síláìdì. Ó béèrè, ó sì dákẹ́. Àwọn ọmọ náà dákẹ́. Ó dúró, fáànù ń yí. Ó rí i tí ètè Basheerah ń mì díẹ̀díẹ̀, ìdáhùn ti wà lọ́nà, ó ti kúrò ní Nupe, ó ti ń bọ̀ ní Hausa. Mofọláyọ̀ kò lè fara dà á mọ́. Ó dáhùn ìbéèrè náà fúnra rẹ̀, kíá. Basheerah pa ètè dé.

"Ó ku díẹ̀," ni Malam wí nígbà tó ròyìn fún un. "Ẹnu rẹ ni kò tíì gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Ó máa gbọ́."

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá a sọ nípa iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àìsàn gbé Malam dùbúlẹ̀, wọ́n sì dá a dúró sí ọsibítù. Àràárọ̀ làwọn ọmọ ń béèrè lọ́wọ́ Mofọláyọ̀ pé, "Ma, Baba fa?" ìyẹn ni pé, Bàbá ńkọ́. Àràárọ̀ ló sì ń sọ fún wọn pé ara rẹ̀ ń yá. Wọ́n ní bó bá padà, àwọn á ra kosai dè é.

Sáà ti ń lọ sópin lọ́jọ́ tí Rahmah, ọmọ Malam, pe Mofọláyọ̀ ní fóònù. Minna ni wọ́n bí Rahmah sí, Yorùbá rẹ̀ a máa ta kókó, bàbá rẹ̀ a sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá náà kò ta kókó rárá. "Àǹtí, Bàbá ti dákẹ́."

Mofọláyọ̀ kò mọ bí òun ṣe dé kíláàsì. Ó dúró níwájú, gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Siraj ló béèrè pé, "Ma, Baba fa?" Mofọláyọ̀ wá Gẹ̀ẹ́sì, kò rí i. Omijé ti bo ojú rẹ̀. Yorùbá nìkan ló ṣẹ́ kù lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá," ló wí, "Bàbá ti dákẹ́."

Kíláàsì bú sáyọ̀. "Baba, da kyau!" ni wọ́n gbọ́. Wọ́n rò pé omijé ayọ̀ ni. "Alhamdulillah!" ni Siraj ké, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń lu tábìlì. Mofọláyọ̀ di ojú pátákó mú. Fún ìgbà díẹ̀, kò ní ọkàn láti tún un ṣe. Lójú tirẹ̀, ohun tí wọ́n gbọ́ kì í ṣe irọ́. Bàbá dára. Ta ló dára tó o?

Lẹ́yìn náà ló mi orí, ó sì sọ ọ́ ní Hausa, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "A'a. Ya rasu."

Ariwo kú. Wọ́n jókòó, orí wọn wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, Mofọláyọ̀ kò gbìyànjú láti dákẹ́. Ó kàn dákẹ́ ni. Ìgbà tó pẹ́ gan-an, ohùn kan wá láti iwájú.

"Ma," ni Basheerah wí, "ẹ bi wá ní ìbéèrè Bàbá."

Mofọláyọ̀ nu imú. "Kí ló dé tí omi òjò fi ń dúró lórí ilẹ̀ amọ̀?"

Ó sì dúró dè é. Ìdáhùn náà kúrò ní Nupe, ó gba Hausa kọjá, ó dé. "Nítorí pé àlàfo inú amọ̀ kéré, ma. Omi fẹ́ lọ. Kò rí ọ̀nà ni."

Siraj ní kò tán síbẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn ní irọ́ ni Siraj ń pa. Ẹlòmíràn ti dìde, ó ń fi ọwọ́ ya ilẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Àwọn tó ń sunkún ń dáhùn, àwọn tó ń dáhùn ń sunkún, ariwo gba gbogbo ilé náà kan. Nígbà yẹn ni Mofọláyọ̀ rí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàlíhátù lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wé gèlè dúdú, ó wá sọ fún wọn pé bọ́ọ̀sì ti dé tí yóò kó wọn lọ síbi ìsìnkú. Jìnnìjìnnì mú Mofọláyọ̀. Ariwo ńlá, lọ́jọ́ ikú! Ó lu tábìlì, ó jágbe mọ́ kíláàsì pé, "Dákẹ́!"

Ariwo náà lọ sókè sí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàlíhátù kò wọlé. Ó fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ, ó sì fi etí gèlè nu ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Mofọláyọ̀ pé kí ó máa bá a lọ, bọ́ọ̀sì á dúró.

Mofọláyọ̀ tún kígbe, "Dákẹ́!" Lọ́tẹ̀ yìí, òun gan-an kò mọ̀ mọ́ bóyá Yorùbá lòun ń sọ tàbí Hausa.